Ọ̀dà Kálípà Bàbá Ìrètí

Ọkọ̀ náà ṣì wà lórí òkúta. Ohun tí Bridget kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tó ṣílẹ̀kùn ní àárọ̀ Ọjọ́rú, inú rẹ̀ sì ru sókè bí ẹ̀kọ tó fẹ́ bo iná. Táyà iwájú méjèèjì wà nílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ ti ń sùn nínú ọ̀kan. Zachariah ọkọ rẹ̀ lóṣòó síwájú ọkọ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó kọjú sí irin ọwọ́ òsì tó fi ọ̀dà pupa dán wò lánàá.

"Bàbá Ìrètí, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ti yàn án?"

"Mo ṣì ń rò ó."

Ẹ gbọ́ o. Ó ṣì ń rò ó! Àgbàdo tó wà lóko nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, wọ́n ti ya á, wọ́n ti sè é, wọ́n ti jẹ ẹ́, wọ́n ti da ṣùkù rẹ̀ sí ààtàn. Ọkùnrin tó ń rò ó kò tíì rò ó tán.

Bó bá jẹ́ pé ilé ló fẹ́ kọ́ ni, tàbí pé ọmọ ló fẹ́ sọ lórúkọ, Bridget ì bá ní sùúrù. Ọ̀dà ni! Ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ fi kun kálípà, irin ràgàjì tó wà lẹ́yìn ríìmù, tó máa ń gbá páàdì bíréèkì mú kí táyà lè dúró. Irin tí ẹrẹ̀ ń bò, tí eruku ń bò, tí ẹnikẹ́ni kì í rí àfi ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ yẹjú wo inú ríìmù. Paul mekáníìkì ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ó wá pààrọ̀ páàdì, ó tú táyà, ó ní kálípà ti dípẹtà, kí wọ́n ha á, kí wọ́n kùn ún lọ́dà kó má bàa jẹra. Ó ní òun á ti kùn ún tán kí oòrùn tó wọ̀. Zachariah ní rárá, òun fúnra òun lòun máa kùn ún, kí òun ṣáà kọ́kọ́ yan àwọ̀ tó bá ọkọ̀ mu. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti gun orí òkúta.

Pupa ńkọ́? Zachariah ní pupa á jọ tàwọn ọmọ yunifásítì Àkùngbá tí wọ́n ń fi ọkọ̀ bàbá wọn pariwo kiri. Búlúù? Ó ní búlúù ti ṣú jù. Yẹ́lò? Ẹrẹ̀ Ọ̀kà ìlú wọn á pa á láwọ̀ dà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọ̀ ewé? Ó ní ká ṣì máa wò ó ná. Sílífà? "Tó bá jẹ́ sílífà ni, kí la wá kùn?" Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ ló ń pè. "Ẹ yà o. Ẹ bá mi wo èyí. Kí lẹ rí?" Èyí á ní òun rí pupa, ó sì dára. Tọ̀hún á ní búlúù ló máa ń bá ọkọ̀ dúdú lọ. Kátíkíìsì gan-an yà lọ́jọ́ kan tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, ó wo kálípà náà títí, ó ní kí àwọn fi sádùúrà.

Ohun tó tún wá ń dá Bridget lágara jù ni pé Zachariah Fáwọlé kì í ṣe ẹni tó ń ṣiyèméjì. Tísà ni, ó kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ irin títí ó fi fẹ̀yìntì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí Bridget níbi eré ìdárayá ilé ìwé ló ti sọ fún un pé òun máa fẹ́ ẹ, kò tiẹ̀ tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó yan ìyàwó kíákíá bẹ́ẹ̀, òun ni kò wá lè yan ọ̀dà!

Bí kì í bá ṣe ti Sátidé tó ń bọ̀ ni, Bridget ì bá fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó di ilé adìẹ. Ṣùgbọ́n Sátidé ni wọ́n máa jẹ iṣu tuntun nílé Fáwọlé. Òfin kan wà nínú ilé náà tí wọn ò sọ nù nígbà tí wọ́n gba ìgbàgbọ́: iṣu tuntun kì í kan ẹnu ẹnikẹ́ni kí àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ilé tó tọ́ ọ wò. Olórí ilé fúnra rẹ̀ ló sì gbọdọ̀ lọ mú un wá láti ilé ọkọ. Kì í rán ọmọ, kì í rán ọlọ́kadà. Bàbá Zachariah fẹsẹ̀ rìn lọ, nígbà tó yá ó gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ó ti pẹ́ tí Zachariah alára ti ń gbé ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ lọ mú Mọ́júbọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Nígbà kan tí Zachariah rìnrìn àjò, ọmọ àbúrò wọn kan lọ gbé ìyá náà. Ìyá ní kó máa padà lọ, pé bí ilé bàbá òun bá ti gbàgbé òun, kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú òun. Ẹnikẹ́ni ò jẹ iṣu lọ́dún náà títí Zachariah fi dé.

Ti ọdún yìí tún wá yàtọ̀. Mọ́júbọ́lá ṣàìsàn nígbà ọyẹ́, gbogbo èèyàn rò pé ó ti lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun fẹ́ jẹ iṣu ilé bàbá òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí Zachariah kò bá dé Ìkàrẹ́ ní Sátidé, ọ̀rọ̀ náà á dun obìnrin yẹn ju àìsàn lọ. Bridget mọ̀ bẹ́ẹ̀. Zachariah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí Paul wá kùn ún," Bridget wí.

"Paul á kàn da ọ̀dà sí i lára ni."

"Ẹ jẹ́ ká má kùn ún mọ́ rárá. Ká de táyà, ká máa lọ."

"Ṣé irin tó dípẹtà la fẹ́ fi gbé Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí èmi wa ọkọ̀ náà, kí ẹ yéé..."

"Ìyá Ìrètí! Ọ̀nà òkè yìí kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń dánra wò."

Bridget náà mọ ọkọ̀ wà. Zachariah fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, pẹ̀lú ariwo, lórí pápá ilé ìwé. Ó ní láísẹ́ǹsì, kì í sì í jẹ́ kó kọjá àsìkò, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kì í gbà kó wa ọkọ̀ náà kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí náà wà nínú ohun tó ń bí i nínú.

"Bí èèyàn bá ń sunkún, ó yẹ kó máa ríran, Bàbá Ìrètí. Sátidé ti dé tán. Àbí ẹ ò rí i ni?"

Zachariah yí ojú padà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Bridget rò pé ìgbéraga ni. Ó fa ìgbálẹ̀ yọ, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ìbínú gbálẹ̀. Àwọn agolo ọ̀dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, Zachariah sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ta ló ń gbọ́ ìkìlọ̀? Bridget kó gbogbo wọn kúrò, ó gbá abẹ́ wọn, ó wá tò wọ́n padà bó ṣe wù ú, èyí tó ga lẹ́yìn, èyí tó kúrú níwájú. Kò tiẹ̀ wo àwọ̀ ara wọn. Lẹ́yìn náà ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó gun ọ̀kadà, ó forí lé Ìkàrẹ́ láti lọ bá ẹni tó ń ta ọ̀dà fún ọkọ rẹ̀ jà.

Mujeeb ni ọmọkùnrin náà ń jẹ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà. Bridget kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mujeeb, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, bí ọkọ mi bá tún wá, sọ fún un pé ọ̀dà ti tán ní gbogbo Ìkàrẹ́."

Mujeeb rẹ́rìn-ín, ó sì mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ó ti sú èmi gan-an. Bàbá á ní kí n gbé gbogbo agolo jáde sínú oòrùn, kí n máa pe àwọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní kí n fi pupa sápá ọ̀tún nínú àpò, kí n fi àwọ̀ ewé sápá òsì, kí n má ṣì wọ́n tò. Tí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní báyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́."

"Ọmọ wo? Ẹni tó ti fẹ̀yìntì!" Bridget pòṣé, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ó yà kí Mọ́júbọ́lá.

Ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dì í tán. Ọjọ́rú nìyẹn o! Gèlè tó máa wé ní Sátidé wà lórí báàgì, ó ká a pẹlẹbẹ.

"Ìyàwó wa, ṣé àlàáfíà ni? Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, Ìyá wa. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Sọ fún un pé mo ti dẹrù mi. Kó má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn mú kó tó dé. Ẹsẹ̀ mi kì í gba ìdúró mọ́."

Bridget ní òun á jíṣẹ́. Bó ṣe ń padà lọ sí Ọ̀kà lẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún Zachariah jọ, ọ̀kan ń gorí ọ̀kan, kò sí èyí tó dùn nínú wọn.

Ó délé, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń fi àkísà nuwọ́, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Ìrètí, ẹjọ́ ti tán. Mo ti yàn án, mo sì ti kùn ún. Pupa ni. Wá wò ó."

Bridget bẹ̀rẹ̀. Kálípà ọwọ́ òsì pupa, ó mọ́, ó ń dán. Ó yí lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọ̀ ewé ni. Àwọ̀ ewé bíi gbúre tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já!

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò lẹ́yìn ọ̀kadà sáré dé ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Bàbá Ìrètí, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di wèrè ni? Ṣé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Kí ló dé? Ṣé pupa náà ti pọ̀ jù ni?"

Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọkùnrin náà kọjú sí kálípà aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú èéfín.

"Àwọ̀ wo lẹ fi kun ti ọwọ́ òsì?" ó béèrè, jẹ́jẹ́.

"Pupa tí mo fi dán an wò lánàá náà ni. Mo kàn fi sílẹ̀ ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Pupa náà ni. Agolo kan náà, èyí tó sún mọ́ òpó."

Èyí tó sún mọ́ òpó. Bridget gbójú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agolo àwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ láàárọ̀.

Gbogbo nǹkan wá ń já lu ara wọn. Tíì tí Zachariah ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Paul, tí kì í kí àfi tí Paul bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bíbélì tó ní kí ẹlòmíràn bá òun kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ọ̀fun ń dun òun. Géètì tó fi ọkọ̀ ha nígbà Àjíǹde, tó ní géètì náà ni kò dúró dáadáa. "Kí lẹ rí?" tó ń bi gbogbo ayé. Ojú ọkùnrin yìí ti ń lọ. Kì í ṣe ọ̀dà ló ń dà á láàmú. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà ló ń bà á lẹ́rù, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí òkúta tó ń rò ó.

Inú wá bí Bridget ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìbínú ló kọ́kọ́ dé kí àánú tó tẹ̀lé e. Ó wù ú kó di ọkùnrin náà lọ́rùn aṣọ, kó gbọ̀n ọ́n. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jí, tó wá ń fi ojú ara rẹ̀ pa mọ́ fún un! Ó jókòó lórí táyà gbìì, adìẹ pariwo, ó fò jáde.

"Ṣé kò jọra ni?" Zachariah béèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

Bridget dìde lórí táyà. "Ó jọra. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, èmi ni màá wa ọkọ̀."

Ó ń retí ariwo. Zachariah ṣáà ń nu ọwọ́ tó ti mọ́. "Ẹ̀gbọ́n ò ní gbà," ó wí níkẹyìn.

"Òfin yín ní kí ẹ wá fúnra yín ni. Kò ní kí ẹ di sítíárìn mú. Bàbá yín tó fẹsẹ̀ rìn lọ, sítíárìn wo ló dì mú?"

Zachariah ju àkísà náà sílẹ̀. "Ó dáa," ó ní. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Bridget kò gbọ́ "ó dáa" rí lẹ́nu rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ó sì dùn ún ju ariwo lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Paul wá de táyà. Ó rí kálípà méjèèjì, ó lanu, Bridget ṣẹ́jú sí i, ó padà pa á dé. Bridget ì bá tún ọwọ́ ọ̀tún kùn, ṣùgbọ́n Zachariah á gbóòórùn ọ̀dà tuntun, á béèrè ohun tó dé. Ta ni yóò tiẹ̀ yẹjú wo inú ríìmù? Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Sátidé mọ́. Wọn ò tíì kúrò lẹ́nu ilé tí Zachariah fi bẹ̀rẹ̀.

"Gíà kejì. Má tẹ bíréèkì pa. Jẹ́ kí gíà dá a dúró."

"Mo gbọ́, Bàbá Ìrètí."

"Kọ́nà ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì."

"Mo rí i."

"Tírélà lè wà níwájú. Fọn fèrè."

"Bàbá Ìrètí, bí ẹ ò bá dákẹ́, màá sọ̀ yín kalẹ̀ ní Àkùngbá!"

Kò dákẹ́. Gbogbo kọ́nà òkè náà ló mọ̀ sórí, etí ló sì fi ń gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bí Bridget nínú, ó sì ń tẹ̀ lé e, wọ́n sì dé Ìkàrẹ́ láìsí wàhálà.

Mọ́júbọ́lá ti wé gèlè. Zachariah fọwọ́ tẹ̀ lé ara ọkọ̀ títí ó fi dé iwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ilé bàbá yín ló ní kí n wá mú yín." Ojú ìyá náà mọ́lẹ̀. Ó ní òun gbọ́, òun ń bọ̀. Ó rí Bridget nídìí sítíárìn, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ ká bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó ń fi ọ̀pá kan táyà kọ̀ọ̀kan, ó ń gbàdúrà sí i. Ó kan ti ọwọ́ òsì, ó ṣàdúrà. Ó yí dé ọwọ́ ọ̀tún, àdúrà dá lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ mú bí abẹ!

"Zachariah, ta ló kun nǹkan yìí? Ti ọ̀hún pupa, tibí àwọ̀ ewé! Ṣé ẹ ò lójú nílé ni?"

Ọwọ́ Zachariah dúró gbagidi lórí bónẹ́ẹ̀tì. Bridget rí ojú rẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí lára ọkọ rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá Zachariah. Gbogbo ẹjọ́ ọkùnrin yìí tó ti rò fún gbogbo Ọ̀kà, kò rántí ọ̀kankan mọ́.

"Èmi ni, Ìyá wa," ó yára wí. "Èmi ni mo kùn ún. Mi ò wo agolo dáadáa. Ojú mi ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Bàbá Ìrètí á sìn mí lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ Ajé."

Mọ́júbọ́lá gbé ọ̀pá dúró. "Ìwọ tí ojú rẹ kò ríran, ìwọ lo wa ọkọ̀ gba orí òkè yẹn wá gbé mi?"

Háà! Bridget kò rò ó débẹ̀.

"Mi ò wọ̀ ọ́," ni ìyá náà wí. "Iṣu ni mo ní mo fẹ́ jẹ. Mi ò ní mo fẹ́ kú sójú ọ̀nà." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọrí sílé. Bridget bọ́ sílẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní kò burú tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń bàjẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá kò dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró."

Zachariah ló sọ̀rọ̀. Ó kọjú síbi tó ti ń gbọ́ ìró ọ̀pá.

"Ojú ìyàwó mi dáa. Ẹ wọkọ̀. Èmi ni mo kùn ún. Tèmi ni kò ríran. Ó ti pẹ́."

Mọ́júbọ́lá padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo Bridget pẹ́ ju bó ṣe wo àbúrò rẹ̀ lọ.

"Òpùrọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì," ó wí. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé Bridget lọ́wọ́. "Lọ́jọ́ Ajé, èmi náà á bá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn. Ṣílẹ̀kùn fún mi, ìyàwó mi. Ebi iṣu ń pa mí."

Wọ́n gbéra. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Zachariah kò pe gíà kankan. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó kọjú sí fèrèsé. Bridget náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ó ń ríran, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n ti jáde nílùú kí ọkọ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ìrètí."

"Ẹ̀n."

"Nínú pupa àti àwọ̀ ewé yẹn, èwo gan-an ló bá ọkọ̀ yìí mu jù?"

"Bàbá Ìrètí! Ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ o!"